Ìlà Kẹrìnlá

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀, torí táyà ni gbogbo àdúgbò fi mọ bàbá mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa tírélà, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n gun tírélà yẹn láìkọ́kọ́ yí i po. Wọ́n á fi bàtà ta táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ń retí ohùn onílé. Táyà méjìdínlógún. Òjò lè máa rọ̀, ọ̀gá tó ni ẹrù lè máa jágbe mọ́ wọn, wọ́n máa ta gbogbo ẹ̀ tán. Bàbá Táyà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, wọn ò tẹ adìyẹ kan pa.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, wọ́n fi tírélà sílẹ̀. Ẹni tó ti ń rìn láti ìgbà èwe wá dẹni tó ń jókòó sí pàlọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tó ń ka iye ìgbà tí màmá mi ṣí ilẹ̀kùn. Àánú wọn ṣe mí. Èmi ni mo mú wọn lọ síbi iṣẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, èmi ni.

Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ kan tó ń dán mọ́tò tó ń wa ara ẹ̀ wò. Adárìn là ń pe àwọn mọ́tò náà láàárín ara wa. Mẹ́fà ni wọ́n, funfun, kámẹ́rà wà lórí wọn bíi fìlà. Òfin sọ pé títí ìdánwò fi máa parí, èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó sídìí síárìn, kó gbé ọwọ́ lé itan, kó la ojú ẹ̀ sílẹ̀, tí mọ́tò bá fẹ́ ṣìwà hù kó gbà á lọ́wọ́ ara ẹ̀. Iṣẹ́ tí bàbá mi gbà nìyẹn. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti wá di ìyàwó tuntun, wọ́n ń gbé e kiri, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Bàbá náà fèsì pé kí màmá mi lọ bi gbogbo ayé léèrè, àwọn nìkan ni awakọ̀ mọ́tò tí kò ní awakọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi jáde sí ọgbà, wọ́n yí Adárìn po, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ta táyà. Ẹnjiníà kan sáré wá bí ẹni tí oyin ta. Ó ní Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ẹlẹgẹ́ wà nítòsí táyà yẹn, iye ẹ̀ ju tírélà lọ. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara mọ́tò dá, ìwé àyẹ̀wò ni kí wọ́n kà.

Ìwé àyẹ̀wò, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjìdínlógún ló wà nínú ẹ̀: kámẹ́rà iwájú, kámẹ́rà ẹ̀yìn, iná, bẹ́líìtì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kẹrìnlá ni bíréèkì pàjáwìrì, ìyẹn bíréèkì tí mọ́tò fúnra ẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá rí nǹkan níwájú. Akọ̀wé máa máàkì, á fọwọ́ sí i, awakọ̀ máa kà á, á fọwọ́ sí i, mọ́tò á jáde. Òfin ni. Bàbá mi ka ìwé náà, wọ́n ka ìlà ẹ̀, wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, "Méjìdínlógún. Táyà mi náà nìyí."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń ta táyà ni wọ́n ṣe ń ka ìwé yẹn. Wọ́n á fi ìka lé ìlà kan, wọ́n á kà á jẹ́jẹ́, wọ́n á bọ́ sí èyí tó kàn. Àwọn awakọ̀ yòókù á ti fọwọ́ sí tiwọn, wọ́n á ti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé Bàbá ń kọ́ ABD ni. Bàbá á kàn sún ìka sí ìlà tó kàn. Wọ́n máa ń ṣẹ́jú sí mi lórí ìwé. Inú mi á dùn gan-an.

Ohun tí bàbá mi ò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ wàyí.

Ó yẹ kí n máa jáde sí ọgbà láràárọ̀, kí n ṣí mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí n tan ojú kọ̀ǹpútà inú wọn, kí n wo ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó máàkì. Tèèyàn bá ṣe é bó ṣe yẹ, wákàtí méjì ni, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí mọ́tò ti wà lójú títì láago méje. Ọ̀gá Kíákíá lorúkọ tá a sọ ọ̀gá yẹn, ẹ ò ní bi mí kí ló dé. Akọ̀wé tí mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló fi ọgbọ́n ẹ̀ hàn mí. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, jókòó, fi tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ìwé gbogbo ọ̀sẹ̀ síwájú, máàkì gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó o sì máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí nǹkan tó máa ń yí padà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan kan ò yí padà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mo lè máa máàkì kí n máa gbọ́ redíò.

Ó wá ṣe, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn èèyàn ńlá wá gun Adárìn. Mọ́tò ń lọ geerege, ni atẹ́gùn bá gbé náílọ́ọ̀nù kan kọjá níwájú ẹ̀, ni mọ́tò bá tẹ bíréèkì pàjáwìrì. Kọfí dà sí ọ̀kan nínú wọn láyà. Wọ́n tún lọ díẹ̀, náílọ́ọ̀nù mìíràn, bíréèkì mìíràn. Àwọn èèyàn yẹn máa padà wá l'Ọ́jọ́bọ̀ àti lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Kíákíá ò sì fẹ́ kí kọfí dà sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo wà nídìí tábìlì mi, mo ń to ìwé tí ọ̀gá ní kí n fi wákàtí kan tò fáwọn àlejò. Ọ̀gá kọjá, fóònù wà létí wọn. Wọn ò dúró. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, a ti pa ìlà kẹrìnlá títí di ọjọ́ Ajé. Bá wa tún ìwé yẹn ṣe."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn ti wà nílẹ̀, máàkì ti wà lára gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Kí n tó tún un ṣe, àfi kí n tẹ òmíràn jáde fún mọ́tò mẹ́fà. Mo ní kí n parí ti àlejò ná. Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo gbàgbé. Mo rántí. L'Ọ́jọ́bọ̀, mo rántí nígbà tí mò ń fọ ife, mo wá sọ fún ara mi pé àwọn ẹnjiníà á ti sọ fáwọn awakọ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé àwọn ẹnjiníà ní tiwọn ń sọ pé ìwé á ti sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá mi ka ìwé wọn. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ìka wọn lórí ìlà kẹtàlá, mo rí i lórí ìkẹrìnlá, fóònù tábìlì mi dún, mo gbé e. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti jáde.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ríbi gbé ní ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, ó wá ra fóòmù ìbùsùn fún un, ó ká a, ó fi okùn dì í, ó gbé e rù. Ó ń sọdá títì. Kì í ṣe ojú ibi tí wọ́n kùn fún ìsọdá, ibi tí gbogbo èèyàn àdúgbò yẹn ń gbà ló gbà.

Adárìn rí i. Inú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni wọ́n ti bá a lẹ́yìn náà. Ó rí i nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́tò ni. Ó tún un kọ pé nǹkan tí òun ò mọ̀ ni. Ó tún un kọ pé náílọ́ọ̀nù ni. Kò sígbà kankan tó kọ ọ́ pé èèyàn ni.

Bàbá mi náà rí i. Ẹsẹ̀ wọn ò jìnnà sí bíréèkì. Àmọ́ ẹ gbọ́, òfin kan wà nílé iṣẹ́ wa pé awakọ̀ tó bá tẹ bíréèkì kí mọ́tò tó tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣàlàyé, tó bá di mẹ́rin lóṣù, kó máa lọ sílé. Mẹ́ta ni bàbá mi ti ní lóṣù yẹn. Wọ́n ti ń sọ nínú ọgbà pé Bàbá Táyà ò gba mọ́tò gbọ́. Wọ́n sì ti ka ìlà kẹrìnlá láàárọ̀ yẹn. Wọ́n rí máàkì, ọwọ́ ọmọ wọn ni. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kàn sọ nínú ọkàn àwọn pé, ó máa dúró. Kò ju báyẹn lọ. Ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi máa sọ ọ́ yẹn ló gbà kí Adárìn tó gbá obìnrin náà.

Nígbà tí àwọn èèyàn máa fi sáré débẹ̀, bàbá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú títì, pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn. Wọ́n ti tú okùn fóòmù náà, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbé obìnrin náà lé e. Orí fóòmù yẹn ló dákẹ́ sí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e látilé ìtajà ṣì wà lára ẹ̀.

Ọlọ́pàá dé, ó mú ìwé àti bírò, ó béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè: ta ló wa mọ́tò? Bàbá mi wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ bí n ṣe máa dá ẹ lóhùn."

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e nìyẹn fún oṣù mẹ́rin. Lórí redíò, nínú ìwé ìròyìn, lẹ́nu àwọn tó mọ̀ àtàwọn tí kò mọ̀. Ta ló wà á? Ṣé ẹni tó jókòó ni, àbí ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀, àbí ilé iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pariwo pé mọ́tò yẹn ń wa ara ẹ̀, ó gbọ́n ju èèyàn lọ. Ọjọ́ tó wá pààyàn, wọ́n ní arúgbó orúnkún ríro kan ló wà á.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ pè mí sí yàrá òkè. Ọ̀gá Kíákíá wà níbẹ̀, wọ́n kọ̀yìn sí mi, wọ́n ń wo ìta láti ojú wíńdò. Lọ́yà yìí ò le rárá, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó fi ìwé ọjọ́ Ẹtì sí iwájú mi.

"Àbúrò mi, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

Ó wá ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Ó ní tí bíréèkì pàjáwìrì bá wà ní títàn bí ìwé ṣe sọ, a jẹ́ pé mọ́tò ò jẹ̀bi, awakọ̀ ló fẹsẹ̀ kan ohun tí kò yẹ kó kàn tàbí tó ń sùn. Tí kò bá sì sí ní títàn, a jẹ́ pé ẹnì kan parọ́ sínú ìwé òfin, ẹ̀wọ̀n ló sì wà fún ẹni tó ni ọwọ́. Ó ní wọn ò lè ti mọ́tò mọ́lé. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ni, ó ní, kí n lọ sinmi kí n rò ó.

Mo yíjú sí Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi l'Ọ́jọ́rú pé ẹ ti pa á."

Ọ̀gá ò yíjú padà. Wọ́n béèrè pé ibo ni mo kọ ọ́ sí.

Bí mo ṣe délé lọ́sàn-án yẹn, bàbá mi wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń kun bàtà tí wọn ò ní wọ lọ síbì kankan. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Mo sọ gbogbo ẹ̀, ti Ọjọ́rú, ti àlejò, ti ife tí mò ń fọ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa dùn wọ́n jù. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń kun bàtà lọ. Ìgbà tí mo ní mo ti máàkì ìwé yẹn látọjọ́ Ajé ni búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ìwé ọjọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Ajé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀."

Wọ́n wo bàtà náà títí. Wọ́n ní, "Nígbà náà, gbogbo oṣù tí mo lò níbẹ̀ yẹn, táyà tí kò sí ni mò ń ta."

Ojú ò tì mí tó báyẹn rí láyé mi. Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Wọ́n wá ní kí n pa á mọ́ra. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó sídìí síárìn, ọrùn ẹ̀ ni mọ́tò wà, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn, àwọn ò sì lè gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò kúrú, àwọn ì bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ò lè ba ayé àwọn jẹ́ mọ́, èwo ló kù nínú ẹ̀? Màmá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkọ lápá kan, ọmọ lápá kan. Wọn ò dá sí i. Wọ́n kàn lọ gbé omi kalẹ̀ fún wa láti wẹ̀, bí ẹni pé ìrìn àjò la ti dé.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó nínú gbọ̀ngàn kan tí fáànù ẹ̀ ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́. Adájọ́ kan ló jẹ́ olórí wọn. Lọ́yà fi ìwé ọjọ́ Ẹtì hàn wọ́n, ó fi ìlà kẹrìnlá hàn wọ́n, ó pè mí síwájú, ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ni. Mo ní ọwọ́ mi ni. Ó ní òun ò ní ìbéèrè mìíràn. Ọgbọ́n nìyẹn, kò ní kí n parọ́ kankan. Dídákẹ́ nìkan ló fẹ́.

Adájọ́ wá béèrè bóyá ẹbí olóògbé ní nǹkan láti sọ. Ọmọ tó ra fóòmù fún yẹn dìde. Aṣọ nọ́ọ̀sì tuntun ló wọ̀, ó tóbi jù ú lọ. Kò bínú, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ṣé ó rí màmá mi?"

Mo ní, "Ó rí wọn."

"Kí ló dé tí kò dúró?"

Mo wo bàbá mi. Wọ́n jókòó sí ìlà àga àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn wà lórí itan bí wọ́n ṣe ń gbé e nínú Adárìn. Wọ́n mi orí sí mi, díẹ̀ báyìí, pé rárá. Ọmọ yẹn ṣì dúró. Ó ń dúró de èsì bí ẹni pé èsì ọ̀hún máa ṣe é láǹfààní.

Mo ní, "Wọ́n ti pa bíréèkì tó yẹ kó dá a dúró. Mo mọ̀. Ìwé tí bàbá mi kà, irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo ti kọ ọ́."

Wọ́n máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, òótọ́ á bá irọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé orí ọrùn mi ni wọ́n ti máa pàdé. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ilé iṣẹ́ ló máa wó. Lọ́yà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ti wá yé gbogbo wa: ilé iṣẹ́ pàṣẹ tó tọ́, òṣìṣẹ́ kan ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Adájọ́ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Kíákíá bóyá lóòótọ́ ni wọ́n sọ fún mi l'Ọ́jọ́rú. Ọ̀gá tó bi mí níbi tí mo kọ ọ́ sí, ọ̀gá náà ló wá rántí gbogbo ẹ̀ dáadáa, títí dé orí èsì mi. Wọ́n ní, "Ó tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Adájọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ pa bíréèkì náà. Wọ́n ní ìpinnu gbogbogbò ni. Kò sí orúkọ lábẹ́ ẹ̀.

Báyìí ló ṣe parí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bàbá mi, títí láé, torí pé ẹsẹ̀ wọn pẹ́. Ẹjọ́ tèmi lọ sí kóòtù. Ilé iṣẹ́ kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, wọ́n sì fi ìlà kan kún ìwé àyẹ̀wò. Mo ti rí i. Ìlà kọkàndínlógún: ṣé o ti wo ìlà méjìdínlógún tó ṣáájú? Wọ́n á máàkì ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Adárìn ti padà sójú títì. Ọ̀kan kọjá níwájú ilé wa. Bàbá mi dìde kúrò lójú wíńdò.

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kì í ṣe ìbínú, mo mọ ìbínú wọn. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á wá ibòmíràn wò.

Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá láti wá fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí kó tó dé kóòtù. Bí mo ṣe ń jáde, bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ bàtà tí wọ́n kùn. A wọ bọ́ọ̀sì. Ní àgọ́, ọlọ́pàá obìnrin kan ti ìwé sí mi, ó fi bírò lé e lórí, ó na ìka sí ìsàlẹ̀. Ó ní ibí ni. Mo mú bírò.

Ọwọ́ bàbá mi bọ́ sórí ìwé náà, wọ́n fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́.

Ọlọ́pàá ní, "Bàbá, gbogbo èèyàn kàn ń fọwọ́ sí i ni o. Ohun tó sọ náà ló wà níbẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Kà á."

Mo kà á. Ìka wọn sún sí èyí tó kàn. Mo kà á. Tí ìlà kan bá parí, wọ́n á bi mí pé ṣé òótọ́ ni, mo máa ní òótọ́ ni, ìka á sún. Ọlọ́pàá yẹn mu tíì ẹ̀ tán, ó kó àwọn ìwé mìíràn jọ, ó ń mí kanlẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n kọ pé mo mọ̀ pé èèyàn lè kú. Ìka bàbá mi dúró síbẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ro ife tí mò ń fọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀. Mo ní, "Òótọ́ ni, sà."

Ó pẹ́ kí ìka yẹn tó sún. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.